Láti Iléṣà dé Barcelona: Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ lórí Tíìpù àti Owó Òṣìṣẹ́ Inú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́

Ọjọ́ kìíní: Iléṣà sí Èkó

Èèyàn 12 ni ẹgbẹ́ tó ń lọ, yàrá 6 ni wọ́n gbà, alẹ́ 7 ni wọn yóò lò lójú omi. Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní ìdájí, owó ni a kọ́kọ́ jókòó tì. Owó ọkọ̀ ti wọlé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyẹn ò ní wàhálà mọ́. Èyí tó ní wàhálà ni owó kéékèèké tí yóò máa bọ́ lọ́wọ́ èrò sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn wa kì í ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ìrìn-àjò, òun ló sì ń dá ariwo sílẹ̀ níwájú kántà inú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn.

Oríṣi méjì ni tíìpù inú ọkọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń kọ sí yín lọ́rùn lójoojúmọ́, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o. Èkejì ni èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fún èèyàn. Èkíní kì í ṣe ẹ̀bùn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹ̀bùn ni wọ́n fún un. Owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí èyí bá yé láti Iléṣà, ìrìn-àjò rẹ̀ ti rọrùn ní ìlàjì.

Ní 2024, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Royal Caribbean ń gba dọ́là 18.50 lóòjọ́ lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó wà ní yàrá gbogboògbò, dọ́là 21 lórí ẹni tó wà ní yàrá ńlá. Carnival ń gba 16 àti 18, Norwegian ń gba 20 àti 25. Wọ́n máa ń fi kún un, nítorí náà iye tó wà lórí ìwé lọ́jọ́ tí ẹ sanwó ni kí ẹ dì mú. Bó bá jẹ́ dọ́là 18.50, alẹ́ 7 di dọ́là 129.50 fún ẹnìkan, tọkọtaya di 259, èèyàn 12 sì di 1,554. Ọmọ ọdún márùn-ún ń san iye kan náà tí bàbá rẹ̀ ń san. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń yọ sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí kò sí èyí lọ́dọ̀ wọn: Regent, Silversea àti Seabourn ti kó o mọ́ owó ọkọ̀, P&O ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti fòpin sí i láti oṣù karùn-ún 2019. Owó ọkọ̀ tiwọn lè dà bí ẹni pé ó wọ́n. Ẹ fi owó ojoojúmọ́ kún owó ọkọ̀ ti àwọn iléeṣẹ́ yòókù kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Dọ́là ni wọ́n ń ná nínú ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà bó tiẹ̀ jẹ́ pé Yúróòpù ló ń rìn. Yàrá kọ̀ọ̀kan mú dọ́là 60 tí wọ́n ti ṣẹ́: ogún ẹyọ dọ́là kọ̀ọ̀kan, dọ́là márùn-ún mẹ́rin, dọ́là mẹ́wàá méjì. Ẹ tètè wá a, nítorí àwọn tó ń ṣẹ́ owó fẹ́ràn ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọn kì í sábà ní ẹyọ nílẹ̀. Owó tó ya tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, ẹ má mú un lọ; òṣìṣẹ́ tó bá gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ló máa kú sí. Náírà náà, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Kò sí ibi tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ ọmọ Indonéṣíà ti fẹ́ lọ ṣẹ́ náírà, inú rere yín á kàn di bébà lọ́wọ́ rẹ̀. A fi yúrò 40 kún un fún yàrá kọ̀ọ̀kan nítorí orí ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì: Barcelona

Ọjọ́ kan ṣáájú ọkọ̀ ni a dé, bó sì ṣe yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ṣe nìyẹn, torí ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́. Ní Spéènì, kò sí ẹni tó ń retí tíìpù lọ́wọ́ yín bí ti Amẹ́ríkà. Ẹ jẹun tán, ẹ fi yúrò kan tàbí méjì sílẹ̀ bó bá wù yín. Ẹni tó gbé ẹrù yín dé yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, yúrò kan lórí ẹrù kan.

Ọjọ́ kẹta: wíwọ ọkọ̀

Takisí ló gbé wa lọ sí Moll Adossat, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró sí. Owó àfikún èbúté wà lórí mítà takisí níbẹ̀. Òfin ìlú ni, kì í ṣe ìrẹ́jẹ, ẹ má bá awakọ̀ jà. Àwọn tó ń gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà yóò so nọ́ńbà yàrá mọ́ ọn, ó sì lè di alẹ́ kí ẹ tó tún rí i. Oògùn, ìwé ìrìnnà, owó àti aṣọ ìpààrọ̀ kan, ọwọ́ ni kí wọ́n wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ jẹun, ẹ lọ wo àkáǹtì yàrá yín lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí ní kántà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì ti san tíìpù ojoojúmọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ náà á tún máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ mú ìwé ìsanwó dání. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ kìíní, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà. Bó bá di alẹ́ ìkẹyìn, ìlà tó wà níwájú kántà á gùn débi pé ẹ ò ní lè sùn.

Lórí ọ̀rọ̀ káàdì, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ẹ bá fi káàdì báńkì tó ń fa owó tààrà láti inú àkáǹtì forúkọ sílẹ̀, ọkọ̀ á máa di owó mú níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá rajà, ó sì lè di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìrìn-àjò kí báńkì tó tú u sílẹ̀. Èèyàn á ní owó nílé, kò ní rí i ná ní Naples. Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan kó owó dọ́là sílẹ̀ ní kántà, wọ́n gba rìsíìtì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa yọ ọ́ níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ óò gbà á padà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánrawò ààbò, tí SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú omi, sọ di dandan, tí kò sì sí àgbà tàbí ọmọdé tí kò ní kópa nínú rẹ̀, ilé ọtí ṣí. Ẹ wo rìsíìtì ọtí dáadáa. Ọtí dọ́là 12 á di dọ́là 14.16, torí wọ́n ti fi ìdá 18 nínú 100 kún un. Nínú ọkọ̀ mìíràn ìdá 20 ni. Nísàlẹ̀ rìsíìtì kan náà, ẹ óò rí àlàfo kan tó ń béèrè tíìpù. Àlàfo yẹn kì í ṣe dandan. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé àìmọ̀wàáhù ni kí èèyàn fi í sílẹ̀ lófo, wọ́n á kọ dọ́là 3 sí i, wọ́n á sì san tíìpù ọtí kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fa ìlà sínú rẹ̀, ẹ kọ àròpọ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ náà bá ṣe é dáadáa tó sì wù yín, ẹ fi ẹyọ dọ́là kan lé e lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà, ẹni tó ń tún yàrá ṣe á wá kí yín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: kí ó ya bẹ́ẹ̀dì sí méjì, kí ó máa gbé áísì wá, àárọ̀ ni ẹ fẹ́ kí ó máa wọlé tàbí ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà kòrónà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ní yàrá gbogboògbò, ẹ má retí lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá kọ̀ọ̀kan fún un ní dọ́là 10 lójúkojú, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́nu: orúkọ náà wà láyà aṣọ rẹ̀. Tíìpù ìbẹ̀rẹ̀ yìí sàn ju èyí tí wọ́n ń dúró dìgbà ìkẹyìn fún lọ, torí ó ń sọ fún un pé ẹ rí i.

Ọjọ́ kẹrin: Palma

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí èbúté, ẹ rìn yí ká dé ìdí ọkọ̀ kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nassau ni ẹ óò rí, tàbí Valletta, tàbí Panama, tàbí Hamilton. Ìlú tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sí nìyẹn, òfin orílẹ̀-èdè náà ló sì ń darí iṣẹ́ inú rẹ̀. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ lè wà ní Miami, àwọn èrò lè jẹ́ ará Amẹ́ríkà látòkè délẹ̀, síbẹ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà kò kan wétà tó ń bu omi fún wọn. Ibí ni ọ̀rọ̀ tíìpù ti ṣẹ̀ wá. Iléeṣẹ́ ń san ìwọ̀nba, èrò ni wọ́n fẹ́ kó parí ìyókù.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti gáréèjì Iléṣà rí yóò mọ ètò yìí. Awakọ̀ á dá dẹ́lífà fún olówó ọkọ̀, á ra epo, èyí tó kù ni tirẹ̀ àti ti kọ̀ńdọ́. Bí èrò ò bá pọ̀, ebi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọkọ̀ ojú omi ní ìwé àdéhùn, ó sì ní òfin lábẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún: Marseille

Ní Faransé, iṣẹ́ wétà ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sórí ìwé oúnjẹ. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní tíìpù. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí jìnnà sí èbúté àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, ẹ kọ́kọ́ béèrè bọ́ọ̀sì kí ẹ tó gba takisí.

Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ kò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá sí yàrá. Dọ́là 2 tàbí 3 fún ẹni tó gbé e wá, lọ́wọ́, lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ wo rìsíìtì bóyá wọ́n ti kọ owó ìgbéwá sí i.

Ọjọ́ kẹfà: La Spezia

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ẹni tó ń tún yàrá ṣe dáadáa, torí tirẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í fojú rí.

Ká ní yàrá 18 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 20 bá tó fún yàrá kan, wákàtí 6 ti lọ, kò tíì jókòó. Nínú ìṣẹ́jú 20 yẹn, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu dígí balùwẹ̀ gbẹ kí ipa omi má hàn, ó ń fa irun kúrò lẹ́nu ihò omi, ó ń kó aṣọ ìnura tútù jáde, ó ń fa ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí èrò ń pààrọ̀ ló burú jù. Èrò àtijọ́ á jáde tán ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, èrò tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ yàrá ní nǹkan bí aago méjì. Wákàtí 5, yàrá 18: kò tó ìṣẹ́jú 17 lórí yàrá kan, gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti gbogbo àpò ìrọ̀rí ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ lè rí àwọn àpò aṣọ ìdọ̀tí bí òkè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Erin tí ẹ bá lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ kẹta ńkọ́? Aṣọ ìnura méjì ni. Ó tẹ́ èyí tó tóbi sílẹ̀, ó ká etí méjèèjì wá sí àárín títí tí wọ́n fi pàdé bí igi méjì tó sùn ti ara wọn, ó wá ṣẹ́ ẹ sí méjì kó lè dúró lórí orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹsẹ̀ nìyẹn. Ó ká aṣọ kékeré kó tínrín níwájú kó lè di ọwọ́ ìjà, ó fi etí aṣọ tó kù ṣe etí erin, ó gbé e lé e lórí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì lọ́nà 18 ju ìlàjì wákàtí lọ, nínú àkókò tó yẹ kó fi sinmi. Ẹ má tú u ká láìwò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó sílẹ̀ fún un, ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì lásán. Kò ní fọwọ́ kàn án. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ká owó èrò mọ́ lọ́wọ́, ó lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà owó tí kò ní àkọlé, bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n á ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti "Thank you" sí i lára. Ẹyọ irin náà ò dáa. Irin yúrò wúwo, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó kì í sì í gba irin.

Ọjọ́ keje: Civitavecchia, fún Róòmù

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà dé Róòmù. Àkọ́kọ́: bọ́ọ̀sì èbúté títí dé Largo della Pace, kí ẹ gba ibẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé yín lọ, ó ju wákàtí kan lọ ní àlọ, ẹ ṣírò àbọ̀. Èkejì: bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ yín ṣètò. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é.

Afinimọ̀nà àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò sí nínú owó ojoojúmọ́ yẹn. Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ yìí ń lò ni yúrò 5 lórí ẹnìkan fún afinimọ̀nà tó bá wa rìn látàárọ̀ dalẹ́, yúrò 2 fún awakọ̀. Ẹ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ní ilé oúnjẹ Ítálì, ẹ lè rí "coperto" lórí rìsíìtì, iye kan lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni, kì í ṣe tíìpù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olè. Orí ìwé oúnjẹ ló ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó jókòó.

Ọjọ́ kẹjọ: Naples

Lóde ìnáwó nílé, ẹni tó bá tètè rọra fi nǹkan sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé àwo, tábìlì rẹ̀ ni ẹran kejì máa kọ́kọ́ dé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ gbìyànjú ẹ̀ láti alẹ́ kìíní. Kò sí ohun tó yí padà, nítorí ẹran kò wọ́n: bí ẹ bá béèrè àwo mẹ́ta, mẹ́ta ni wọ́n á gbé wá láìgba kọ́bọ̀. Ohun tó wọ́n lọ́dọ̀ wétà ni àkókò. Wétà kan àti igbákejì rẹ̀ ló ń bójú tó tábìlì mélòó kan. Wétà ń gba ohun tí ẹ fẹ́ jẹ sílẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ, igbákejì ń pín búrẹ́dì àti omi, ó ń kó àwo. Bí ẹ bá dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àkókò, ẹ ti pa wọ́n lára ju bí ẹ ò bá fún wọn ní dọ́là lọ, torí àwọn tí wọ́n máa jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn yín ti ń dúró.

Lónìí ni ọ̀rọ̀ yíyọ owó ojoojúmọ́ wáyé. Ẹnìkan gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ: ṣé kò ní sàn kí èèyàn lọ sí kántà, kí wọ́n yọ dọ́là 18.50 yẹn, kí òun sì fi owó náà lé ẹni tó ṣiṣẹ́ fún òun lọ́wọ́ tààrà? Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á sì yọ ọ́ bí ẹ bá béèrè. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó náà.

Àwọn tó ń pín in kì í ṣe wétà àti atúnyàráṣe nìkan. Àwọn tó ń fọ àwo nísàlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ nínú ooru, àwọn tó ń bó ànàmọ́ lóru. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà ní ibòòji; àwọn tí mo kà yìí ò tilẹ̀ rí oòrùn, ìsàlẹ̀ ojú omi ni wọ́n wà. Ẹ lè fún wétà ní àádọ́ta dọ́là lọ́wọ́, ẹ ò ní pàdé alágbàfọ̀ láé. Ìyẹn kìíní. Èkejì, nínú àwọn iléeṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ tó bá gba owó lọ́wọ́ yàrá tó ti yọ tíìpù ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ dá owó náà padà sínú àpapọ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ yàrá tó yọ ọ́. Bí ẹ bá sì fi owó ojoojúmọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ wá fún un ní dọ́là 20 lé e lórí, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa bi í.

Bí iṣẹ́ bá burú ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó burú, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè tún un ṣe. Ẹni tó gbé ẹjọ́ ọjọ́ kejì pamọ́ títí di alẹ́ ìkẹyìn kí ó lè fi gba owó padà, a ò bá a lọ́wọ́ sí i. Kí owó èèyàn 12 bọ́ mọ́ ẹni tó ń fọ àwo lọ́wọ́ nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kan ń kán omi, kò tọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń fọ àwo.

Ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, gbogbo yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọjọ́ kẹsàn-án: lójú òkun

Kò sí èbúté lónìí, àyè wà láti sọ̀rọ̀ owó oṣù dé ìdí.

Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ojú omi ni MLC 2006. Ọdún 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Geneva, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 2013. Làìbéríà ló kọ́kọ́ gbà á wọlé. Nàìjíríà gbà á ní oṣù kẹfà 2013. Amẹ́ríkà kò tíì gbà á. Lábẹ́ rẹ̀, ìsinmi òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 10 nínú wákàtí 24, àti wákàtí 77 nínú ọjọ́ 7. Wọ́n lè pín wákàtí 10 náà sí méjì péré, ọ̀kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó wákàtí 6. Bí orílẹ̀-èdè bá yàn láti fi iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 14 lọ lójúmọ́ àti 72 lọ́sẹ̀. Ẹ tún un kà: 72. Iye tí òfin fi ṣe òpin nìyẹn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yàrá àti ilé oúnjẹ ló sì ń sún mọ́ ọn láìsí ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọ̀sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ sílé fún bí oṣù méjì, ọ̀pọ̀ wọn láìgba owó.

Oúnjẹ àti ibùsùn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn, owó ọkọ̀ òfurufú àtipadà sílé lẹ́yìn àdéhùn sì wà lọ́rùn olówó ọkọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì àti ọtí, àpò ara wọn.

Iye tó kéré jù tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí fún atukọ̀ tó mọṣẹ́ lórí dẹ́ẹ̀kì jẹ́ dọ́là 673 lóṣù ní 2025. Àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí i bí ẹni pé ti gbogbo òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kan wétà. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀, àwọn onímọ̀ ẹ́ńjìnnì àti àwọn atukọ̀ ń gba owó oṣù tó dúró, wọn ò sí nínú tíìpù, ẹ má sì fún ọ̀gákọ̀ lówó. Ayàwòrán àti àwọn tó ń tajà ń jẹ kọmíṣọ̀n. Àwọn tó ń fọwọ́ra fún èèyàn ní spa, ìdá 18 sí 20 ti wà lórí rìsíìtì tiwọn.

Ti wétà àti atúnyàráṣe wá ń lọ báyìí: owó ìpìlẹ̀ kékeré wà, iye kan sì wà tí àdéhùn ṣèlérí pé kò ní dín sí. Bí ìpín tíìpù bá kún un dé iye yẹn tàbí kọjá rẹ̀, ó dáa. Bí kò bá dé e, iléeṣẹ́ á fi kún un. Nítorí náà, nínú ètò yìí, apá kan dọ́là 18.50 yín ń gba ẹrù kúrò lórí iléeṣẹ́ kó tó ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní. A kórìíra ètò yìí. Ó yẹ kí wọ́n kọ owó iṣẹ́ sínú owó ọkọ̀ bí P&O ṣe ṣe, kí èrò mọ ohun tó ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ owó náà láti fi bá iléeṣẹ́ jà, òṣìṣẹ́ ló lù.

Ó tún ku ilé. Òfin Philippines sọ pé ìdá 80 nínú 100 owó oṣù ìpìlẹ̀ atukọ̀ wọn gbọ́dọ̀ máa lọ sílé lóṣooṣù. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Ẹni tó ń bu omi fún yín ní tábìlì lè jẹ́ bàbá tí kò rí ọmọ rẹ̀ láti oṣù méje.

Ní ìrọ̀lẹ́, àpòòwé. Yàrá kọ̀ọ̀kan: dọ́là 20 mìíràn fún atúnyàráṣe, kó lè pé 30, dọ́là 10 fún wétà, 8 fún igbákejì. Èyí tó kù nínú 60 ti lọ sí ilé ọtí àti oúnjẹ yàrá. Ọ̀gá wétà tó ń wá kí yín lálẹ́ ìkẹyìn nìkan, ẹ kí i padà, ó tó. Lẹ́yìn náà ni ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣe dáadáa àti iṣẹ́ wọn sínú ìwé ìbéèrè lórí ìrìn-àjò tí ọkọ̀ á fi ránṣẹ́, torí àwọn ọ̀gá máa ń ka orúkọ tí èrò kọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé èèyàn ga. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹrù gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kí aago mọ́kànlá tó lù. Ẹ yọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ láàárọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta.

Ọjọ́ kẹwàá: Barcelona

Ìwé ìṣirò dé. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ àwìn káàkiri, tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, ìwé gbèsè wọn kì í jìnnà sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe. Ẹ kó rìsíìtì jọ, ẹ fi wé ìlà kọ̀ọ̀kan: owó ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ méje lórí ẹnìkan, kì í ṣe mẹ́jọ, ọtí tí ẹ dá padà kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní yàrá kan, ọtí mẹ́rin tó jẹ́ ti yàrá kejì ti wọ ibẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà wọn jọra. Ìbuwọ́lù tó wà lórí rìsíìtì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ẹ gba ìyókù owó tí ẹ kó sílẹ̀, ẹ kà á níbẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá: Iléṣà

Bọ́ọ̀sì gba Gbọ̀ngán àti Ilé-Ifẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Alábàárù tó sọ ẹrù kalẹ̀ gba tirẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó kí wa káàbọ̀ kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Àwọn òbí ló ń béèrè: ọmọ mi kọ́ṣẹ́ oúnjẹ, ejẹ́ǹtì kan ní òun lè bá a wá iṣẹ́ sínú irú ọkọ̀ yẹn, ó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má san án. MLC kà á léèwọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ojú omi nítorí pé wọ́n bá a wá iṣẹ́. Ohun mẹ́ta péré ló lè san fúnra rẹ̀: ìwé àyẹ̀wò ìlera, ìwé atukọ̀ ti orílẹ̀-èdè rẹ̀, àti ìwé ìrìnnà. Owó físà, olówó ọkọ̀ ló ni ín. Ẹni tó bá ní òun ń gba owó físà àti owó ipò, ẹ gbé orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ NIMASA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ẹ̀kọ́ ààbò STCW, ìlànà àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ atukọ̀, ni kí ọmọ kọ́kọ́ lọ ṣe: bí a ṣe ń là nínú omi, bí a ṣe ń pa iná, ìtọ́jú àkọ́kọ́, àti ojúṣe ẹni nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ìwé àdéhùn bá dé, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ kí ẹ kà á pọ̀. Ẹ wá orúkọ olówó ọkọ̀, kì í ṣe ti ejẹ́ǹtì. Ẹ wo gígùn àdéhùn: kò gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìgbàpadà sílé sí, àti bí owó á ṣe máa wá sílé lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà mẹ́ta yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó ìpìlẹ̀, iye tí wọ́n ṣèlérí pé kò ní dín sí, àti tíìpù. Ejẹ́ǹtì máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó lè dún ńlá. Bí àlàfo bá wà níbi iye kejì yẹn, ẹ dá ìwé náà padà kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí ọmọ tó fọwọ́ sí i.